Ṣé O Mọ̀ Pé Orúkọ Là Ń Rà?

Ṣé o mọ̀ pé ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò ti dá ariwo sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà rí? Lọ́dún 1985, iléeṣẹ́ Coca-Cola yí bí wọ́n ṣe ń po Kóòkì padà. Wọn ò ṣàdédé ṣe é o. Àwọn tí wọ́n fún ní tuntun náà tọ́ wò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200,000, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní ó dùn ju ti àtijọ́ lọ. Bó ṣe dé orí àtẹ báyìí, ọ̀rọ̀ di rannto. Ìpè àwọn oníbàárà, tó ń jẹ́ 400 lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, di 1,500. Àwọn kan ń ra ti àtijọ́ jọ sílé bí ẹni pé ìyàn fẹ́ mú. Kò ju ọjọ́ 79 lọ tí iléeṣẹ́ náà fi túúbá, tí wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Ahọ́n ti sọ tirẹ̀, ọkàn ló ní òun ò gbà.

Ọtí wáìnì ńkọ́? Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ ní California ń fún àwọn èèyàn ní wáìnì mu bí ẹ̀rọ ṣe ń ya àwòrán ọpọlọ wọn. Wáìnì kan náà ni, àmọ́ wọ́n pè é ní dọ́là 10 nígbà kan, wọ́n pè é ní dọ́là 90 nígbà mìíràn. Àwọn tó mu ún ní ti dọ́là 90 ló dùn jù. Má pè wọ́n ní òpùrọ́: ibi tí ọpọlọ ti ń gbádùn nǹkan jí sí i lóòótọ́.

Èyí tó wù mí jù ni ti ìlú Lomé, ní Togo. Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà lásán ni aṣọ àǹkárá Vlisco máa ń gbé wá láti Helmond, ní Netherlands, níbi tí wọ́n ti dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1846? Àwọn ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tí ẹyẹ ti ń fò jáde nínú àgò ń jẹ́ “Bí o bá jáde, èmi náà á jáde”. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń rin ìrìnkurìn kàn máa ró o ni, kò ní la ẹnu rárá. Òmíràn ń jẹ́ “Ojú orogún mi”. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ “Púlọ́ọ̀gì mẹ́fà”, ti ìyá tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì. Èrè tí àwọn ìyá náà jẹ pọ̀ débi pé Mercedes ni wọ́n ń gùn, ni aráyé bá ń pè wọ́n ní Nana Benz. Wo etí aṣọ náà: wọ́n tẹ orúkọ Vlisco sí i, ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í sì í jẹ́ kí télọ̀ gé e dànù. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà mọ̀, wọ́n máa ń tẹ irú ẹ̀ sétí tiwọn.

Swiss léèsì tí a fi ń jó lóde òwàǹbẹ̀ ńkọ́? Lustenau ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Austria ni ìlú náà wà; odò Rhine ló pààlà sáàárín rẹ̀ àti Switzerland.

Lọ́dún 1765, Ayaba Charlotte ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra àwo tíì lọ́wọ́ amọ̀kòkò kan, Josiah Wedgwood. Ọkùnrin náà ò jáfara, ó sọ irú àwo yẹn ní àwo Ayaba. Amọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í du ún rà.

Orúkọ mìíràn kì í tilẹ̀ dúró ti ẹni tó ni ín. Olóyè Gabriel Igbinedion dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air sílẹ̀ ní Benin, ní Nàìjíríà, lọ́dún 1983, ó fi orúkọ Okada, ìlú rẹ̀, sọ ọ́. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pe alùpùpù akérò ní ọkadà. Iléeṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́. Ọlọ́kadà tó gbé ọ láàárọ̀ yìí lè má mọ̀ pé bàálù kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.