Ihò Wo Rèé? Bí A Ṣe Ń Ka Ara MGB Àtijọ́ Kan

Ẹni tó bá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù páńẹ́ẹ̀lì bítà rí á mọ̀ pé tí wọ́n bá fá ọ̀dà ara ọkọ̀ àtijọ́, nǹkan méjì ló sábà máa ń yọjú: ìpẹtà àti ihò. Ìpẹtà ò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ gé e kúrò, ẹ fi irin tuntun rọ́pò. Ihò ni wàhálà. Ta ló lu ú? Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Tá a bá dí i, ṣé a tún ọkọ̀ ṣe ni, àbí a bà á jẹ́?

MGB ni ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ asáré tí ilé iṣẹ́ MG tò pọ̀ ní ìlú Abingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1962 títí di 1980. Ó lé ní 500,000 tí wọ́n ṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìlórùlé ló sì gba Amẹ́ríkà lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yẹn sọ́kàn. Bàbá Ṣeun ló ni èyí, ọ̀rẹ́ bàbá mi tí wọ́n ti ń gbé ní Coventry kí wọ́n tó bí mi. Ọwọ́ ẹnì kan tó ti “tún un ṣe” tán ni wọ́n ti rà á. Ó pupa, ó ń dán gbinrin. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, kò tì dáadáa mọ́ àfi tí èèyàn bá fi agbára gbé e sókè díẹ̀.

Èmi ń ṣe ìwádìí gboyè kejì lórí bí irin ṣe ń jẹrà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pè mí ní Sátidé: “Ọ̀gá sáyẹ́ǹsì, wá fi ìwé rẹ ràn wá lọ́wọ́.” A bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. A ò tíì dé ìdajì tá a fi ka ihò tó lé ní ogún tí kò sí nǹkan kan nínú wọn. Òmíràn fara pamọ́ sábẹ́ púútì, òòfà ló tú u fó, torí òòfà kì í lẹ̀ mọ́ púútì. Bàbá Ṣeun ní ká jó gbogbo wọn pa.

“Ọkọ̀ mi ò ní dà bí ajere.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó lu ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Ṣé ihò náà máa ń jẹ́ orúkọ ni?”

Ó máa ń jẹ́ ẹ o. Ètè ihò la kọ́kọ́ wò. Pupa ló wà lókè pátápátá, iṣẹ́ ẹni tó tà á. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dà aláwọ̀ eérú, abẹ́ ìyẹn ni ọ̀dà funfun tó bá ọkọ̀ náà jáde láti ilé iṣẹ́. Tí ẹ bá fi sáńpépà fá ojú kan díẹ̀díẹ̀, àwọn ìpele yìí á yọ bí òrùka inú igi tí wọ́n gé. Ó wá kù ká béèrè pé ọ̀dà wo ló wọnú ihò. Tí funfun bá wọ inú ètè rẹ̀, ihò ti wà kí wọ́n tó kùn ún ní funfun, a jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló lu ú. Tí funfun bá gé ṣáká létí ihò, tó jẹ́ pé pupa ló wọnú, dírííìlì ẹnì kan ló dé láàárín àwọ̀ méjèèjì. Àwọn onímọ̀ nípa àpáta ń lo òfin kan náà láti mọ òkúta tó ṣáájú: ohun tó gé òmíràn kọjá ló dé kẹ́yìn. Ọ̀tún àti òsì náà ń sọ̀rọ̀. Ihò tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ lu sábà máa ń bá ìkejì rẹ̀ dọ́gba rẹ́gí. Ọwọ́ èèyàn kì í dọ́gba tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ò gbà wá lákòókò. Mẹ́rin tó wà lórí ìdérí búùtù, funfun gé létí wọn, wọn ò sì tò gún: pẹpẹ ẹrù ló wà níbẹ̀. Ẹyọ kan lórí fẹ́ńdà iwájú: ìrù rédíò. A jó wọn pa lọ́jọ́ náà gan-an, inú Bàbá Ṣeun dùn.

Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló mú mi dúró. Ọ̀kan nítòsí iná iwájú, ọ̀kan nítòsí iná ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Gbogbo wọn ló dọ́gba, gbogbo wọn ni funfun wọ inú ètè wọn. Ilé iṣẹ́ ló ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n MGB tí wọ́n tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ní nǹkan kan níbẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ló wà nídìí rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1968, ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní yálà iná kékeré tàbí gíláàsì tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ lóru lè rí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970, wọ́n ní méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà. Iná nílò wáyà, wáyà sì nílò ihò. Nítorí náà, kí n tó rí ìwé kankan ni mo ti lè sọ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí fún, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́yìn 1969.

Wáápà rẹ̀ tún jẹ́rìí sí i. Mẹ́ta ni. MGB ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní méjì péré, Bàbá Ṣeun sì ti rò pé fáàrí lásán ni ìkẹta. Ẹ wò ó báyìí: gíláàsì iwájú ọkọ̀ yìí gùn lápá ìbú, ó kúrú lókè. Wáápà ń yí bí apá aago ni, ó ń ya apá kan òbìrí. Kò lè gùn ju gíga gíláàsì lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á yọ sókè. Tó bá jẹ́ méjì ló wà, wọ́n á fi ibi tó pọ̀ sílẹ̀ láìnù láàárín, lókè àti ní igun. Òfin Amẹ́ríkà sì ti sọ ìwọ̀n gíláàsì tí wáápà gbọ́dọ̀ nù. Àwọn ẹnjiníà ò lè mú kí gíláàsì ga sí i láìṣe ọkọ̀ tuntun, ni wọ́n bá fi wáápà kúkúrú kẹta kún un. Jaguar E-Type náà ní mẹ́ta nítorí gíláàsì tirẹ̀ náà fẹ̀, ó sì rẹlẹ̀.

Ti sítíárìn rọrùn. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ yìí wà báyìí, àmọ́ lápá òsì, lára ògiri irin tó ya ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀, a rí ojú ihò ńlá kan tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bò. Irú ihò bẹ́ẹ̀ wà nínú MGB gbogbo. Owó gọbọi ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ irin sí ìrísí ara ọkọ̀, nítorí náà ará kan náà ni ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, wọ́n á kàn dí ẹ̀gbẹ́ tí wọn ò lò. Ẹni tó yí sítíárìn padà ò nílò láti gé nǹkan kan. Ó kàn gbé ìdérí láti apá kan sí èkejì ni.

Mo ní kí Bàbá Ṣeun mú ìwé ọkọ̀ wá. GHN5UB ni nọ́ńbà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. G ni MG, N ni ọkọ̀ aláìlórùlé, U ni Amẹ́ríkà, B sì ni ti ọdún 1971. Wọ́n ti ní ìwé yẹn lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́rin láìmọ̀. “A jẹ́ pé tòkunbọ̀ ni mo rà!” Tòkunbọ̀ gidi ni. Ó la òkun lọ, ó tún là á bọ̀.

Títí débi yìí, eré ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó kàn kì í ṣe eré.

Lábẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún, ní ìsàlẹ̀ àpótí irin gígùn tó ti ẹ̀yìn táyà iwájú lọ bá táyà ẹ̀yìn, a rí ihò kéékèèké mẹ́ta. Funfun wà nínú ètè wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì láti wo ìkejì wọn. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo. Ibẹ̀ dán, ó mọ́, ó rẹwà ju ti ọ̀tún lọ. Ẹ rántí pé ilẹ̀kùn òsì ni kì í tì.

Ẹ mú páálí bàtà kan, ẹ fi ìdérí rẹ̀ dé e, ẹ gbìyànjú láti lọ́ ọ. Ó le. Ẹ ṣí ìdérí náà, ẹ tún lọ́ ọ. Ó rọ̀ pẹ̀ẹ́. Páálí aláìní ìdérí ni ọkọ̀ aláìlórùlé. MGB ò ní férémù ọ̀tọ̀ lábẹ́ bíi MGA tó ṣáájú rẹ̀, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni egungun. Àpótí méjèèjì tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí òrùlé ì bá ṣe. Ìpele irin bíi mélòó kan ni wọ́n fi jó wọn pọ̀, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín. Omi àti ẹrẹ̀ tí táyà iwájú ń ta ń wá ọ̀nà débẹ̀, àgàgà omi oníyọ̀, torí iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì níbí nígbà òtútù. Ihò mẹ́ta yẹn ni ọ̀nà àbájáde rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ni irin ti ń jẹrà jù. Ulick Evans, ọ̀mọ̀wé Cambridge tó ṣe bẹbẹ nínú ẹ̀kọ́ yìí, fi ẹ̀kán omi iyọ̀ kan ṣoṣo lórí irin mímọ́ hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ẹ̀kán omi náà tín-ín-rín, ọ́síjìn ń tètè wọlé síbẹ̀. Àárín rẹ̀ jinlẹ̀, ọ́síjìn ibẹ̀ ń tán. Àárín ló ń jẹrà! Irin tó wà níbẹ̀ ń yọ́ sínú omi, ó ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, wọ́n ń gba inú irin lọ sí etí níbi tí ọ́síjìn ti ń dúró gbà wọ́n. Ìpẹtà tí ojú rí á wá tò yí ibi tó ń jẹ ká. Ẹ fi èyí wé ẹrẹ̀ tó tutù nínú àpótí tí wọ́n ti dí: abẹ́ ẹrẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí, ni irin ti ń ṣófo. Ìpẹtà tún ju ìlọ́po méjì àyè tí irin gbà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ó ń ti àwọn ìpele irin kúrò lára wọn, omi púpọ̀ sí i sì ń rí àyè wọlé.

Ká tó gé ohunkóhun, a gbé ọkọ̀ náà ró dáadáa títí àlàfo yí ilẹ̀kùn ká fi dọ́gba, a wá jó ọ̀pá irin méjì dábùú ojú ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá gé àpótí yẹn láìṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á tẹ̀ ní àárín bí ọ̀pá ìkọ́sọ tí aṣọ tutù pọ̀ lórí rẹ̀, ẹ ó sì jó o mọ́ bẹ́ẹ̀ títí láé. Lẹ́yìn náà la gé awẹ́ òde. Irin tuntun ni lóòótọ́. Ẹni tó tà á ti jó o bo ti àtijọ́, ó fi púútì dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè dán. Èyí tó wà nínú ń rún bí ìpékeré. Ògiri àárín ti lọ pátápátá, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

Bàbá Ṣeun ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ti gbé ọmọ-ọmọ wọn jáde nínú ọkọ̀ yẹn. Láti oṣù karùn-ún 2018, òfin ibí ò fi dandan lé àyẹ̀wò ọdọọdún fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún, tí wọn ò bá ti yí wọn padà lọ títí. Èmi ò fara mọ́ ọn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi púútì dí ihò mẹ́ta yẹn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Irin tuntun ò wọ́n jù, torí láti 1988 ni British Motor Heritage ti ń fi ẹ̀rọ àtijọ́ tẹ odindi ara MGB tuntun, àwọn awẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́jà. Ihò àbájáde ti wà lára èyí tó dé, gẹ́gẹ́ bíi ti ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jó o. Ilẹ̀kùn òsì ń tì báyìí pẹ̀lú ìka kan.

(Ọkọ̀ ilé yín náà ní irú ihò yìí ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá ń gbọ́ omi tó ń rọ́ nínú ilẹ̀kùn tí ẹ bá ṣí i lẹ́yìn òjò, ó ti dí. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó láti là á.)

Ó ku ihò iná ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí omi tó ń gba ibẹ̀ jáde, òfin ibí ò béèrè iná náà, Bàbá Ṣeun sì fẹ́ kí ara ọkọ̀ mọ́. Èmi ní àwọn ló jẹ́ ká mọ ibi tó ti wá. Wọ́n ti jó méjì iwájú pa. Méjì ẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ń rò ó.