Ìjìyà ọrọ̀-ajé ECOWAS lórí Nìjẹ̀r (2023–2024)

Ìjìyà ọrọ̀-ajé ECOWAS lórí Nìjẹ̀r ni àwọn ìgbésẹ̀ tí àjọ náà gbé ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní ọjọ́ 26 oṣù náà.

Irú ìjìyà náà

Ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Èkíní dojú kọ àwọn ọ̀gá ológun àti ẹbí wọn: a fòfin de ìrìn-àjò wọn, a sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá wọn. Èkejì kan gbogbo ìlú: a ti ẹnubodè, a sì dá káràkátà dúró. Nàìjíríà, tí ó ń pèsè nǹkan bí 70% iná mànàmáná Nìjẹ̀r nígbà náà, tún gé iná náà.

Àwọn tí ó fara gbá a

Ọ̀nà kejì ni ó kọ́kọ́ dun àwọn ènìyàn. Ìrẹsì gbówó lórí, oògùn wọ́n, ọkọ̀ akẹ́rù sì há sí Malanville ní ẹnubodè Benin. Àwọn oníṣòwò ìhà àríwá Nàìjíríà náà pàdánù ọjà. Síbẹ̀, Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani kò kúrò lórí oyè, Bazoum sì wà ní àhámọ́. ECOWAS ni ọ̀pọ̀ ará Niamey dá lẹ́bi fún ìnira náà, kì í ṣe àwọn ológun.

Òpin rẹ̀

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024, ECOWAS mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjìyà náà kúrò nítorí ìnira àwọn ará ìlú, ṣùgbọ́n ó fi díẹ̀ nínú èyí tí ó dojú kọ àwọn aláṣẹ sílẹ̀.