Afẹ́fẹ́ Abẹ́ Ọkọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, a mọ̀ pé ẹ kì í jẹ́ kí eruku pẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ni ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ rí? Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, a kò rí oníṣòwò kan tí kì í ṣírò iye pẹtiróòlù tí yóò gbé e láti Èkó dé Ìbàdàn. Abẹ́ ọkọ̀ sì wà lára ibi tí owó náà ń gbà jò lọ.

Afẹ́fẹ́ ni ó fà á. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìdènà tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún un a di ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń borí rẹ̀ a sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà ẹni tí ó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kò jẹ afẹ́fẹ́ ní gbèsè kan tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ ni ó ń san án. Orí ọkọ̀ jọ̀lọ̀, afẹ́fẹ́ a máa yọ̀ kọjá lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́. Abẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: páìpù èéfín ń bẹ níhìn-ín, irin tí ó gbé táyà ń bẹ lọ́hùn-ún, ihò àti kọ̀rọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó bá wọ ibẹ̀ a kọlu gbogbo wọn, a máa yí po bí odò tí ó kọlu àpáta, ẹ́ńjìnnì ni yóò sì máa fa gbogbo ìrúkèrúdò náà kiri.

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Citroën DS tí àwọn Faransé fi hàn ní Párísì ní 1955 ní abẹ́ tí ó tẹ́jú. Ní 1996, General Motors ti Amẹ́ríkà gbé EV1, ọkọ̀ oníná, jáde. Wọ́n bo abẹ́ rẹ̀, ìwọ̀n ìdènà afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 0.19, nígbà tí kò dín ní 0.30 lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà. Ní 2022, wọ́n wa EQXX ti Mercedes-Benz láti Sindelfingen ní Jámánì dé Cassis ní ilẹ̀ Faransé, ó ju 1,000 kìlómítà lọ, láìgba iná lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 0.17. Lábẹ́ ìdí rẹ̀ ni pèpéle kan wà tí ń nà jáde bí eré bá pọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó má baà fi òfìfo tí ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn sílẹ̀.

Kí ni èyí kàn wá? Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí a ń rà ni ó ní ike pẹlẹbẹ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n kúrò níbi tí a ti ṣe wọ́n. Mẹkáníìkì a tú u kí ó lè pààrọ̀ ọ́ìlì, a jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí di ọjọ́ àjíǹde. Wọ́n ń wí pé kòtò ọ̀nà wa a máa fà á ya, a sì máa dún gbàgàgbàgà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ike kan náà ni ó ń gba ẹrẹ̀ àti òkúta tí ìbá máa ta bá ẹ́ńjìnnì àti bẹ́líìtì rẹ̀. Lójú tiwa, bí ó bá ṣì pé, kí a dá a padà.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni mú páálí tàbí pákó bo gbogbo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ o! Páìpù èéfín gbóná débi pé ó lè ràn wọ́n, ọ́ìlì tí ń jò a sì gbára jọ sórí wọn bí epo inú fìtílà. Àlàfo tí ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀ nínú ike tiwọn kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Ẹ́ńjìnnì àti gíà ń mí gba ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀, bí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń ṣe, ọ̀nà wa kò gbà á. Ẹni tí ó sì di ẹrù gègèrè sórí ọkọ̀, kí ó kọ́kọ́ sọ ìyẹn kalẹ̀, nítorí èrè abẹ́ kò tó àdánù orí.

Nígbà tí ẹ bá tún gbé ọkọ̀ lọ fún ọ́ìlì, ẹ dúró ti mẹkáníìkì yín. Ẹ ka bóòtù ike náà kí ó tó tú u, ẹ sì tún kà wọ́n kí ó tó jáde lábẹ́ ọkọ̀.