Ìdíje Ọ̀nà Mẹ́ta àti Ẹni tí Iṣẹ́ Kún Ọwọ́ Rẹ̀

Ní ìpàdé ìgbáradì àjọ̀dún yìí, nígbà tí a ka orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa, ó bà wá nínú jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pé ẹni ọdún 65, àti pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ni ó mú púpọ̀ nínú wọn lọ. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ má ṣe fi aṣọ ẹbí àti àsè nìkan ṣe ọdún yìí, kí àwọn tí ó bá lè ṣe é múra fún triathlon kékeré kan. Àwọn kan béèrè ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Àwa tí a kò rí àyè jẹun, ìgbà wo ni a fẹ́ rí àyè sáré?” Nítorí ẹgbẹ́ méjèèjì ni a ṣe kọ ìwé yìí, pàápàá nítorí àwọn tí ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè wọn ni ó le jù.

Triathlon jẹ́ ìdíje kan ṣoṣo tí ó ní ọ̀nà mẹ́ta. Olùdíje yóò kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́. Bí ó bá ti jáde nínú omi, yóò bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Bí ó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ni yóò fi sáré parí rẹ̀. Kò sí ìsinmi láàárín, aago kì í sì í dúró de ẹni tí ń wá ìbọ̀sẹ̀. Ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi orúkọ yìí pe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní 1974. Ní 1978, ní erékùṣù Hawaii, àwọn ọkùnrin 15 bẹ̀rẹ̀ èyí tí a wá mọ̀ sí Ironman: kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, àti 42.2 lórí ẹsẹ̀. Àwọn 12 ni ó parí rẹ̀. Ìdíje Òlíḿpíìkì gba eré yìí wọlé ní Sydney ní 2000, ṣùgbọ́n wọ́n dín ọ̀nà kù: kìlómítà 1.5, 40 àti 10. Èyí tí ó wà fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tún kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì rẹ̀ ni: mítà 750 nínú omi, kìlómítà 20 lórí kẹ̀kẹ́, kìlómítà 5 lórí ẹsẹ̀. Èyí ni à ń sọ níhìn-ín. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a fẹ́ kó àwọn bàbá àgbà lọ sí Hawaii.

Kò yẹ kí àwa ọmọ ìjọ máa wí pé irú nǹkan báyìí kò kàn wá. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ó fi eré ìje àti ìjà ẹ̀ṣẹ́ ṣe àpèjúwe, nítorí pé àwọn tí ó ń kọ̀wé sí mọ̀ ọ́n dunjú: ìdíje ńlá ti Isthmia máa ń wáyé nítòsí ìlú wọn ní ọdún méjì méjì. Ohun tí a kọ́ nípa orí 9 ìwé náà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni pé ìkóra-ẹni-níjàánu ni kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe yíyára ẹsẹ̀. Ní ìgbà tiwa yìí, obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Sister Madonna Buder, ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ìjọ Àgùdà, tí a bí ní 1930. Ó ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àlùfáà kan ni ó sì gbà á nímọ̀ràn. Ní 2012, nígbà tí ó di ẹni ọdún 82, ó parí Ironman ní Kánádà. Ohun tí ó wú wa lórí jù nípa rẹ̀ ni pé ó máa ń sáré lọ sí ilé ìsìn. Kò ya ìgbáradì sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ rẹ̀. Ó fi í sí ojú ọ̀nà ibi tí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dá àwọn tí ó ní kò sí àyè lóhùn. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá fi wákàtí 7 sùn lóru kọ̀ọ̀kan, 49 ti lọ, ó ku 119. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí kò le jù, èyíinì ni wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹni tí ó ń múra fún triathlon kékeré lè fi wákàtí 4 sí 5 ṣe é. Wákàtí 5 nínú 119 kò pọ̀. Ibi tí a ti rí i ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwa fúnra wa rí i níbi tí kò yẹ. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, a rò pé ẹni tí ó bá ní ìtara ni ó ń jí ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru. A kò dín ìpàdé kankan kù, a kò fi iṣẹ́ kankan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ìsìn àìsùn ọjọ́ Ẹtì sì wà níbẹ̀. Oorun nìkan ni a ń gé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, a lọ bẹ ìyá àgbà kan wò ní Beyerúnká. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí òkè òkun, kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó ń ṣàlàyé ọjọ́ tí ọmọ náà pè é kẹ́yìn. A sùn lọ lórí àga níwájú rẹ̀. Nígbà tí a lajú, ìyá ti dákẹ́, ó ń wò wá. Ó ní, “Ẹ sùn díẹ̀ sí i, Àlùfáà. Ó ti rẹ̀ yín.” Kò padà sórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà mọ́ ní ọjọ́ yẹn, bí a tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ara wa ń le sí i ní oṣù náà, gbogbo ènìyàn ni ó sì ń yìn wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ gba oyè àlùfáà ni a sùn lé lórí. Láti ìgbà náà ni a ti gbà pé oorun kì í ṣe owó ìfipamọ́ tí a lè máa ṣí lò. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Eré ìdárayá a máa fa iṣan ya ní wẹ́wẹ́. Ìgbà ìsinmi, pàápàá nígbà oorun àsùnwọra, ni ara ń tún un ṣe tí ó fi ń lágbára sí i. Àìsùn tó a sì máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gé oorun nítorí kí ó lè sá fún ẹ̀jẹ̀ ríru ń fi ọwọ́ òsì tú ohun tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì. Àmì kan wà tí ó rọrùn: ní òwúrọ̀, kí o tó dìde lórí ibùsùn, ka bí ọkàn rẹ ti ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá fi bíi 8 tàbí 10 ju iye tí ó máa ń jẹ́ lọ, má ṣe sáré lọ́jọ́ náà.

Bí kì í bá ṣe oorun, kí ni a ó gé? Àwa gé ìpàdé alẹ́ méjì tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń tún sọ níbẹ̀, a sì gé ìjókòó ìdí tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ Ajé di ọjọ́ ìsinmi pátápátá, nítorí Ọjọ́ Ìsinmi àwọn ẹlòmíràn ni ọjọ́ iṣẹ́ àlùfáà. Olùkọ́ tàbí ọlọ́jà yóò gbé tirẹ̀ sí ọjọ́ mìíràn. Aya ọ̀kan nínú wa sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó dà bí ẹni pé ó ti fẹ́ ìyàwó kejì, pé kẹ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe àwàdà. Bí a bá rí i pé wákàtí tí ó yẹ ilé ni à ń ná, ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé kí a tó ná an.

Ní ti ẹsẹ̀, Ọlọ́run ti ṣe é fún àwa ará Ìbàdàn àtijọ́. Ìlú tí ó ní òkè bí tiwa kò nílò ẹ̀rọ ìsáré. Láti Ọjà'ba gòkè lọ sí Màpó, kò sí ẹni tí àyà rẹ̀ kò ní lù. Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929 ní àtẹ̀gùn tí ó tó fún ẹnikẹ́ni; bí wọ́n bá sì rọrùn jù lójú rẹ, kọjá sí ọ̀dọ̀ Bẹẹrẹ, kí o gun Òkè Aàrẹ dé ìdí Ilé-Ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ ní 1936. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ìrìn kánmọ́kánmọ́ ni kí o máa rìn, kì í ṣe eré. Bí o bá lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, ìwọ̀n náà dára. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìsọ̀kalẹ̀ ni ó ń ba orúnkún àti itan jẹ́ ju ìgòkè lọ. Gòkè bí ọ̀dọ́, sọ̀ kalẹ̀ bí arúgbó. Àwọn ìbẹ̀wò wa ní àdúgbò, ẹsẹ̀ ni a fi ń ṣe wọ́n báyìí, wákàtí méjì lọ́sẹ̀ sì ti jáde láti ibẹ̀ láìgé ohunkóhun.

Kẹ̀kẹ́ ológeere kò ṣàjèjì sí ìran wa. Orí rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ àti àwọn katikíìsì ayé àtijọ́ ti ṣiṣẹ́ láti ìjọ kan dé èkejì, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní eré ìdárayá. Ewu ọ̀nà ni ó yàtọ̀. Bẹẹrẹ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, láàárín Micra, ọ̀kadà àti aláàárù, kì í ṣe ibi tí ẹni ọgọ́ta ọdún yóò ti máa kọ́ kẹ̀kẹ́. Ìdájí Sátidé ni ó dára, kí ọjà tó kún, kí àwọn onígbèéyàwó àti olóòkú tó di ojú ọ̀nà. Dé akoto, wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, rìn tàbí sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ yóò dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ara ní láti mọ ìyípadà náà ṣáájú ọjọ́ ìdíje.

Omi ni ìṣòro wa. Ìran ológun àti àgbẹ̀ ni àwa jẹ́, a kì í ṣe ará etí òkun. Púpọ̀ nínú wa tún wà láyé ní 31 oṣù kẹjọ, 1980, nígbà tí Ògùnpa kún àkúnya tí ó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ẹni tí ó rí ọjọ́ yẹn kò lè fi ọwọ́ kékeré mú ẹ̀rù omi, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ògùnpa àti Kúdẹtì tí ó gba àárín ìlú kọjá kì í ṣe omi ìlúwẹ̀ẹ́ rárá. Ìdọ̀tí ti pa wọ́n run. Adágún Eléyẹlé pẹ̀lú, omi mímu ni wọ́n ṣe é fún ní 1942. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí a fi bíríkì kọ́ ni kí ẹ lọ, irú èyí tí ó wà ní Premier Hotel lórí òkè Mọ́kọ́lá tàbí ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí olùkọ́ sì wà níbẹ̀. Má ṣe wọ omi ní ìwọ nìkan láé.

Ìlúwẹ̀ẹ́ ni a kò lè so mọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ó ní owó ìwọlé, ó ní ọ̀nà tí a ó wọ ọkọ̀ lọ. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń lọ, ní ọ̀sán Ọjọ́rú, a sì kọ ọ́ sínú ìwé ètò bí a ti ń kọ ìsìnkú. Agbára apá kọ́ ni ó ń gbé ènìyàn léfòó bí kò ṣe èémí: tú u jáde nínú omi, gbà á sínú lókè. Ó gbà wá ní oṣù mẹ́ta kí a tó lè lọ mítà 25 láìdúró. Mítà 750 jẹ́ irú rẹ̀ 30. A kò tíì dé ibẹ̀. 18 ni a dé títí di ìgbà tí a ń kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò gùn. Má ṣe jẹ àmàlà tán kí o gun òkè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ẹ̀kọ díẹ̀ tó ṣáájú, kí ẹ̀wà tàbí ẹyin tẹ̀ lé e. Máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí eruku bá pọ̀, ikọ́ a máa mú àwọn tí ó ní òtútù àyà, kí wọ́n dúró sílé. Kí ẹnikẹ́ni tí ó ti lé ní 40 ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀. Méjì nínú wa ni dókítà ní kí wọ́n fi ìrìn nìkan mọ. Wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń bá wa di aṣọ àti kẹ̀kẹ́ mú.

A ti padà lọ sí Beyerúnká. Ọjọ́bọ̀ ni a ń lọ báyìí, ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí a bá ti sinmi. Ọmọ náà kò tíì pè. Ẹni tí ó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn Màpó ni a ń pàdé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé, àfi bí òjò bá ń rọ̀ tàbí bí ìsìn àìsùn bá ti wà lóru rẹ̀. Ẹ mú omi dání.