Ibà lẹ́yìn ìrìn orí òkè pẹ̀lú ajá: Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin òbí tó wà ní Johannesburg mọ̀ lásìkò òjò

Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀ ní Johannesburg, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kó ọmọ àti ajá wọn lọ gun òkè. Àwọn kan á lọ sí Northcliff, àwọn mìíràn á lọ sí Melville Koppies tàbí The Wilds ní Houghton. Ìrìn bẹ́ẹ̀ dára fún ọkàn àti ẹsẹ̀ yín, ó sì dára fún ajá náà. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta tí òjò ń rọ̀ níbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún lórí òkè, àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá délé.

Ṣé òjò ló ń fa ibà?

Àwọn ìyá wa máa ń sọ pé ọmọ tí òjò bá pa, ibà ló máa fi ṣe. Òtútù lè mú ọmọ tí aṣọ tútù wà lára rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òjò fúnra rẹ̀ kì í fa ibà. Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà tí a mọ̀ nílé kiri. Johannesburg ga ju ìpele òkun lọ ní nǹkan bí 1,750 mítà, ẹ̀fọn kì í sì í tan ibà yìí kálẹ̀ níbẹ̀. Apá Limpopo, Mpumalanga àti àríwá KwaZulu-Natal ni wọ́n ti ń kó o ní South Africa.

Nítorí náà, bí ara ọmọ tí kò rìnrìn àjò kúrò nílùú bá gbóná lẹ́yìn ìrìn orí òkè, ẹ má kàn sáré fún un ní oògùn ibà tẹ́ ẹ kó bọ̀ láti Nàìjíríà. Ohun mìíràn ló ṣeé ṣe kó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, ẹ sọ fún dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ mọ ibà eégbọn

Àwọn dókítà ibẹ̀ ń pè é ní tick bite fever. Inú koríko ni eégbọn máa ń lúgọ sí, tí yóò so mọ́ ènìyàn tàbí ajá tó bá ń kọjá. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Rickettsia ló ń fi sí èèyàn lára bó bá bù ú jẹ.

Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 10, ara á gbóná, orí á máa fọ́ni gan-an, kókó tó ń dunni sì lè yọ lábẹ́ abíyá tàbí láàárín itan. Àmì tó yẹ kẹ́ ẹ wá ni egbò kékeré tí àárín rẹ̀ dúdú, bí ẹni pé iná sìgá jó ibẹ̀. Kì í sábà dunni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í rí i. Lára ọmọdé, ó lè fara pamọ́ sínú irun orí tàbí sẹ́yìn etí.

Oògùn ibà ẹ̀fọn kò ran ibà yìí rárá. Oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, bíi doxycycline, ló ń wò ó. Dókítà ló sì máa pinnu ìwọ̀n tó yẹ ọmọ yín. Ẹ rí i pé ẹ sọ fún un pé ẹ gun òkè, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ.

Bẹ́ ẹ bá délé

Ẹ bọ́ aṣọ ọmọ, kẹ́ ẹ wo inú irun rẹ̀, ẹ̀yìn etí, abíyá, àárín itan àti ẹ̀yìn orúnkún. Bẹ́ ẹ bá rí eégbọn, ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń tu irun ojú mú un níbi tó ti sún mọ́ awọ ara jù lọ, kẹ́ ẹ rọra fà á jáde tààrà. Ẹ má da kẹrosíìnì tàbí epo lé e, ẹ má sì fi iná sun ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀.

Ẹ yẹ ajá náà wò: inú etí rẹ̀, ọrùn, àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Eégbọn lè fi àìsàn biliary sí ajá lára. Bí kò bá jẹun mọ́, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n dúdú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà. Èèyàn kì í kó biliary yìí lára ajá.

Àrá kò ṣe é fojú kéré

Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni àrá sábà máa ń sán ní Johannesburg, nítorí náà òwúrọ̀ ló dára jù láti gun òkè. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ àrá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má ṣe sá sábẹ́ igi tàbí abẹ́ àpáta. Inú ilé tàbí inú mọ́tò tó ní òrùlé irin ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.

Òkúta tó tutù máa ń yọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé di okùn ajá ńlá mú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ẹ̀yin náà, ẹ má wé okùn náà mọ́ ọwọ́. Ẹ gbé omi mímu dání fún ajá, kó má baà mu omi àgbàrá tí ìdọ̀tí àti ìtọ̀ eku ti wọ̀.

Bí ajá bá bu ọmọ jẹ ńkọ́?

Lọ́dún 2010, àrùn dìgbòlugi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ajá ní Johannesburg. Bí ajá èyíkéyìí bá bu ọmọ jẹ tàbí tó ya á lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn, ó ṣọ̀wọ́n kẹ́ni tó ní in tó yè. Òfin South Africa sì pọn ọ́n ní dandan kẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún ajá yín.

Kò sí ohun tó ní kẹ́ ẹ má gun òkè mọ́. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kẹ́ ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ sílẹ̀. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú ilé bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ẹ wá egbò dúdú kékeré yẹn. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ rí i, bẹ́ ẹ ò rí i, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ lọ.