Òṣùwọ̀n Méjì Nínú Ìpinnu Ẹ̀dá

Àwọn baba wa tí wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọ̀rọọ̀rún, wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Nítorí kò sí ọmọ adáríhurun kan tó lè ṣí aṣọ lójú ọ̀la wò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ìpinnu kì í ká mọ́, yálà àgbẹ̀ tó ń gbin irúgbìn kí òjò tó dájú, tàbí aláìsàn tí wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀ pé kí ó fọwọ́ sí i kí ọ̀bẹ oníṣègùn tó kan ara rẹ̀. Ó ti lé ní 300 ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wádìí bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn pinnu nínú irú iyèméjì bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ náà sì yẹ kí ó dé etígbọ̀ọ́ tèwe tàgbà.

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1654, Blaise Pascal àti Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé méjèèjì, ń kọ lẹ́tà síra wọn lórí bí àwọn atatẹ́tẹ́ méjì yóò ṣe pín owó bí eré wọn bá dàrú láìtíì parí, inú lẹ́tà wọ̀nyẹn sì ni ọgbọ́n ṣíṣírò ìṣeéṣe ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà nígbà náà ni pé kí ènìyàn fi ìṣeéṣe sọ iye owó tó lè bọ́ sí i lọ́wọ́ di púpọ̀, kí ó sì mú èyí tó bá pọ̀ jù. Daniel Bernoulli ló tú àṣírí àbùkù ibẹ̀, nínú ìwé kan tó jáde ní ìlú St. Petersburg ní 1738. Ó ní bí tálákà kan bá ní ìwé tẹ́tẹ́ tó lè mú 20,000 owó wúrà wá, tó sì lè má mú kọ́bọ̀ wá, tí ọ̀nà méjèèjì dọ́gba, ìṣirò yóò sọ pé 10,000 ni ìwé náà tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá tà á ní 9,000, ta ni yóò pè é ní òmùgọ̀? Bẹ́ẹ̀ olówó tó kọ̀ láti rà á ní 9,000 ni kò gbọ́n. Owó kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ó ṣe níyì lójú ẹni tí kò rí jẹ kọ́ ni ó ṣe níyì lójú ẹni tí àká rẹ̀ kún.

Láti ìgbà náà ni òṣùwọ̀n ti di méjì: bí nǹkan ṣe lè ṣẹ tó, àti bí ó ṣe níyì tó lójú ẹni tí yóò ṣẹ sí lára. Ní 1944, John von Neumann àti Oskar Morgenstern fi ìṣirò hàn, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bí a ṣe lè díwọ̀n èkejì náà, àwọn oníṣègùn sì ti sọ ọ̀nà wọn di ti ara wọn. Wọn a bi ẹni tí ìrora ti há mọ́lẹ̀ pé, “Bí oògùn kan bá lè wo ìrora yìí sàn pátápátá, tó sì lè pa yín lójú ẹsẹ̀, ṣé ẹ ó lò ó bí ẹni 1 nínú 100 bá ń ti ibẹ̀ kú? Bí ó bá jẹ́ 5 ńkọ́? 10 ńkọ́?” Wọn a sún un síwá, wọn a sún un sẹ́yìn, títí ọkàn ẹni náà yóò fi pín sí méjì lọ́gbọọgba, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ bí ìrora rẹ̀ ti wúwo tó. Ìbéèrè náà le, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó bu ọlá fún aláìsàn ju kí ẹlòmíràn bá a pinnu nínú ọkàn tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀ lè yí ìdáhùn padà. Ní 1982, àwọn olùwádìí Barbara McNeil, Amos Tversky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró síwájú àwọn aláìsàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn dókítà, pé kí wọ́n yàn nínú iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú onítànṣán bí ẹni pé àwọn gan-an ni àrùn ń ṣe. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé nínú 100 tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, 90 yè é, 68 wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan, 34 lẹ́yìn ọdún 5. Nínú 100 tí a fi ìtànṣán tọ́jú, gbogbo wọn yè é, 77 wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan, 22 lẹ́yìn ọdún 5. Àwọn yòókù gbọ́ iye kan náà, ṣùgbọ́n iye tó kú ni wọ́n kà fún wọn: 10, 32, 66 fún iṣẹ́ abẹ; òdo, 23, 78 fún ìtànṣán. Ẹni 18 nínú 100 ló yan ìtànṣán nígbà tí wọ́n ka alààyè; nígbà tí wọ́n ka òkú, ó di 44. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó! Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé àwọn dókítà gan-an kò bọ́ nínú pańpẹ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹni tó yan ìtànṣán ṣìnà. Ìwádìí tí McNeil ti ṣe ṣáájú ní 1978 fi hàn pé àwọn aláìsàn kan wà tí ọdún tó kù sí dẹ̀dẹ̀ ṣe iyebíye fún ju ọdún 5 tó jìnnà réré lọ, àwọn wọ̀nyí ni ìtànṣán sì tọ́ sí. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀ lè má fẹ́ fi oṣù náà ta tẹ́tẹ́ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí dókítà bá gbé ọ̀nà ìtọ́jú méjì síwájú yín tàbí síwájú ẹni yín, ẹ bi í ní iye tó yè àti iye tó kú, lójú ìtọ́jú, lẹ́yìn ọdún kan àti lẹ́yìn ọdún 5, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi ara yín léèrè èwo nínú àwọn ọdún wọ̀nyí ló ṣe yín ní àǹfààní jù, nítorí dókítà kò lè bá yín dáhùn èyí. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan kí ẹ tó ní ìdáhùn méjèèjì lọ́wọ́.