Orin Alágbàtọ́

Ẹ ti igi yẹn bọ iná díẹ̀ sí i, kí ẹ sì dákẹ́. Kì í ṣe àlọ́ ìjàpá ni mo fẹ́ pa lálẹ́ yìí o. Ohun ìyanu tó jẹ́ òótọ́ ni, inú koríko Òṣíẹ̀lẹ̀ wa yìí ni mo sì ti fẹ́ mú un.

Ṣé ẹ mọ ẹyẹ kékeré dúdú-òun-funfun yẹn, tí ẹnu rẹ̀ pupa, tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ? Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, akọ rẹ̀ á wá bà lórí wáyà iná, á máa lé gbogbo ẹyẹ tó bá sún mọ́ ibẹ̀ kiri. Ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìrù náà á re. Ẹ lè ṣọ́ ọ títí, ẹ ò ní rí ìtẹ́ rẹ̀, torí kò kọ́ ọ̀kan rí. Abo rẹ̀ á yọ́ wọ ìtẹ́ olongo, á yé ẹyin sí i, á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Olongo á sàba lé e, á pa á, á sì tọ́ ọ.

“Bàbá, ṣé olongo ò mọ̀ ni?”

Báwo ni yóò ṣe mọ̀, Àdìsá? Tí ọmọ olongo bá lanu pé ebi ń pa òun, àmì tóótòòtó wà nínú ẹnu rẹ̀, ní àjà ẹnu lọ́hùn-ún. Ọmọ àlejò náà ní irú rẹ̀. Ìyá rí ẹnu tó mọ̀, ó fi oúnjẹ sí i. Ohun tó jẹ́ kí n máa fojú rere wo àlejò náà ni pé kì í ti ọmọ onílé dànù bí àwọn ẹyẹ mìíràn tó ń bá ẹni ẹlẹ́ni gbé ṣe ń ṣe. Wọ́n jọ ń jẹ ni.

Ìyẹn kọ́ ni ìyanu náà. Ọmọ tí ẹ̀yà mìíràn bá tọ́ dàgbà, báwo ló ṣe ń mọ ẹni tí yóò fẹ́?

Ìrù àti ijó ni onírù gígùn tiwa fi ń wá aya. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìbátan ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Akọ wọn dúdú, ó ń dán bí aṣọ tí wọ́n rì bọ ìkòkò aró léraléra ní Ìtòkú. Ẹyẹ aláró ni kí a máa pè wọ́n lálẹ́ yìí. Ẹ to ẹ̀yà méjì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, agbára káká ni ẹ fi máa mọ ìyàtọ̀. Kálukú sì ló ní irú ìtẹ́ tó ń yé sí. Akọ tó dàgbà nínú ìtẹ́ náà á kọ́ orin bàbá alágbàtọ́, orin yẹn ni yóò sì fi wá aya. Abo tí wọ́n tọ́ nínú irú ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé rẹ̀. Akọ tó bá ń kọ orin ilé tí wọ́n ti tọ́ òun ló ń lọ bá. Irú ìtẹ́ kan náà ló sì ń wá yé sí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ ni mò ń sọ. Robert Payne, ti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, tọpa àwọn ẹyẹ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ẹyẹ ọ̀sìn kan tí wọ́n ń pè ní Bengalese tọ́ ọmọ ẹyẹ aláró. Irú Bengalese kò sí nínú igbó Áfíríkà. Nígbà tí àwọn akọ dàgbà, orin Bengalese ló ń jáde lẹ́nu wọn. Àwọn abo tí Bengalese tọ́ ńkọ́? Akọ tó ń kọ orin Bengalese ni wọ́n yàn, inú ìtẹ́ Bengalese ni wọ́n sì yé sí. Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ èyí jáde.

Ẹ wá rò ó. Ká ní abo kan ṣi ìtẹ́ yé sí lónìí, tí àwọn ọmọ sì yè. Wọn ò ní padà sí ilé ìyá wọn mọ́. Ìdílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí méjì nìyẹn, láìsí odò tàbí òkè láàárín wọn, lórí igi kan náà! Ní ọdún 2003, Michael Sorenson, Kristina Sefc àti Payne yẹ DNA wọn wò, wọ́n rí i pé àwọn ẹ̀yà ẹyẹ aláró ṣẹ̀ṣẹ̀ pínyà ni. Àwọn alágbàtọ́ ti pínyà tipẹ́ kí ẹyẹ aláró tó dé bá wọn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Jos. Ẹyẹ aláró kan wà lókè ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Vidua maryae. Payne gbọ́ orin àgbàtọ́ tó ń kọ, kò bá ti ẹyẹ kankan nínú ìwé mu. Orin tó sì wà kò lè ṣaláìní olórin. Wọ́n tọpa orin náà dé àárín àpáta, wọ́n bá ẹyẹ kékeré kan tí ẹ̀yìn akọ rẹ̀ pupa fòò, tó ń kọ ọ́. Ọdún 1998 ni Payne fún un lórúkọ ìwé: Lagonosticta sanguinodorsalis. Ó wà ní igbó Amurum, níbi tí Yunifásítì Jos ní ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis sí.

“Bàbá, ṣé ó wà lórí Olúmọ?”

Kò sí níbẹ̀. Àpáta ti òkè ọ̀hún ni tiẹ̀.

“Ṣé àwọn tó ń dáko ní Jos ò ti rí i tẹ́lẹ̀ ni?”

Àgbẹ̀ wo ni kò ní rí ẹyẹ tó ń ṣa èso koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rẹ̀? Àwọn tó ń kọ̀wé ni ọmọ àgbàtọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn.